Iṣẹ́ ta ni? Ohun tí káńsù ìlú lè ṣe nípa ààbò obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ ní Kánádà

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, ẹni tó bá ń gbé Winnipeg tàbí Vancouver yóò rí aṣọ obìnrin pupa tí wọ́n fi kọ́ ara igi, ara ọgbà ilé ìwé, àti iwájú gbọ̀ngàn ìlú. Aṣọ lásán ni, kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó dúró fún àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà, ìyẹn First Nations, Inuit àti Métis, tí wọ́n pa, tàbí tí wọ́n jáde nílé tí ẹnikẹ́ni ò rí wọn mọ́.

Àwọn ọmọ Yorùbá ti pọ̀ ní Winnipeg báyìí, ìbéèrè tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì sábà máa ń béèrè ni pé ṣé ìlú yìí ò ní ọlọ́pàá ni. Ọlọ́pàá wà. Kódà ọlọ́pàá pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ìjọba náà pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀. Bí a ò bá kọ́kọ́ tú u palẹ̀, a ò ní mọ ohun tí a lè retí lọ́wọ́ káńsù ìlú, bẹ́ẹ̀ ni a ò ní mọ ìgbà tí káńsù bá ń fi ọ̀rọ̀ dọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iye wọn. Lọ́dún 2014, ọlọ́pàá àpapọ̀ Kánádà, àwọn tí wọ́n ń pè ní RCMP, kó àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀ka ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè náà jọ. Láti 1980 sí 2012, wọ́n ka obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ 1,181. Àwọn tí wọ́n pa jẹ́ 1,017, àwọn tó sọnù sì jẹ́ 164. Nínú gbogbo ọ̀ràn wọ̀nyí, 225 ni kò tíì rí ojútùú nígbà náà. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ilẹ̀ Kánádà, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kò ju bíi mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí wọ́n pa láàárín ọdún wọ̀nyẹn, mẹ́rìndínlógún ni ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn ẹbí sọ pé iye náà kéré sí òótọ́. Ọlọ́pàá kò kọ ẹ̀yà gbogbo ẹni tó kú sílẹ̀, ikú tí wọ́n bá sì ti pè ní jàǹbá tàbí ìpara-ẹni kò wọ inú àkọsílẹ̀ náà rárá. Èmi gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá ka ìtàn bí wọ́n ṣe ń parí ìwádìí lórí irú ikú bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò gbà pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 2016. Adájọ́ Marion Buller ló jẹ́ alága, òun náà ni obìnrin First Nations àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ní British Columbia. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà 2019 ni wọ́n gbé àbájáde jáde. Wọ́n pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìpaláparun ẹ̀yà, wọ́n sì kọ ohun 231 tí wọ́n ní kí a ṣe, tí wọ́n pè ní ìpè fún ìdájọ́ òdodo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ 231 yẹn, wọ́n yí ojú sí Ottawa, níbi tí ìjọba àpapọ̀ wà. Àmọ́ ẹni tó bá tú ìwé náà wò yóò rí i pé léraléra ni wọ́n kọ "gbogbo ìjọba" síbẹ̀, ti ìlú náà sì wà nínú gbogbo. Ìpè 4.8, fún àpẹẹrẹ, ní kí gbogbo ìjọba pèsè owó àti ètò fún ọkọ̀ èrò tí kò léwu tí kò sì wọ́n. Ọkọ̀ èrò kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀ níbẹ̀.

Ìjọba mẹ́rin lórí ilẹ̀ kan

Ní Nàìjíríà, káńsù Ìbàdàn kò ní ọlọ́pàá, káńsù Ìjẹ̀bú-Òde kò ní. Àmọ̀tẹ́kùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ni ín. Abuja ni ọ̀gá ọlọ́pàá wà, Abuja ni gbogbo ẹni tó bá ń bínú máa ń dojú kọ. Ti Kánádà kò rí bẹ́ẹ̀. Winnipeg ní ọlọ́pàá tirẹ̀, Vancouver ní tirẹ̀, Thunder Bay àti Toronto ní tiwọn, nínú àpò káńsù sì ni owó oṣù wọn ti ń wá. Ontario àti Quebec tún ní ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tó kù, RCMP ló ń ṣe iṣẹ́ náà lórí àdéhùn. Ní British Columbia, ìlú tí èrò rẹ̀ bá ju 15,000 lọ ló ń san ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó RCMP tó ń ṣọ́ ọ, èyí tí èrò rẹ̀ wà láàárín 5,000 sí 15,000 ń san àádọ́rin, ibi tí kò bá sì tó 5,000, ọrùn ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà. Nítorí náà ìlú kan lè máa san owó ọlọ́pàá tí kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ fún wọn. Àwọn àdúgbò First Nations kan tún ní ọlọ́pàá tiwọn. Ọmọbìnrin tó bá wọkọ̀ láti abúlé rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá lè gba ìkáwọ́ ọlọ́pàá mẹ́ta kọjá kó tó di alẹ́.

Òfin ìpìlẹ̀ Kánádà ti 1867 ló bí gbogbo èyí. Abala 91 nínú rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Abala 92 fi àwọn káńsù sábẹ́ ìpínlẹ̀, débi pé ìpínlẹ̀ ló dá káńsù, òun ló lè yí i padà, òun náà ló lè tú u ká. Àwọn First Nations sì tún ní olóyè àti ìgbìmọ̀ tiwọn. Mẹ́yọ̀, ìyẹn olórí káńsù ìlú, á ní ọ̀rọ̀ ọmọ ìbílẹ̀, ọ̀dọ̀ Ottawa ni. Ottawa á ní ààbò ojú pópó, ìpínlẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ á ní ìlú ló ni ọlọ́pàá rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ìwé tí wọ́n lè fi gbe ara wọn lẹ́sẹ̀.

Ibi tí àwíjàre mẹ́yọ̀ ti já ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà kò gbé orí ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ mọ́. Ìlú ni wọ́n wà. Ní ìkànìyàn 2021, àwọn tó wà ní Winnipeg àti agbègbè rẹ̀ lé ní 100,000, kò sì sí ìlú mìíràn ní Kánádà tí wọ́n ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n ń gbé ń mú owó orí ilé wá fún káńsù, bọ́ọ̀sì káńsù ni wọ́n ń wọ̀, ọlọ́pàá káńsù ló ń dá wọn dúró lọ́nà. Mẹ́yọ̀ tó bá ní kì í ṣe iṣẹ́ òun ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará ìlú òun bíi pé àlejò ni wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Vancouver fi hàn bí ààlà ṣe ń pa ènìyàn. Láti bí ọdún 1990 sókè ni obìnrin ti ń dàwátì ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Downtown Eastside. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, púpọ̀ jẹ́ tálákà, àwọn kan ń fi ara ṣòwò kí wọ́n lè jẹun. Ẹbí wọn lọ fi ẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá ní bóyá wọ́n kàn rin ìrìn àjò ni. Oko ẹlẹ́dẹ̀ kan wà ní Port Coquitlam, ìlú mìíràn lápá ìlà-oòrùn, níbi tí Robert Pickton ti ń pa wọ́n. Ọlọ́pàá Vancouver ló ni ibi tí wọ́n ti sọnù, RCMP ló ni ibi tí oko wà. Ìsọfúnni wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ìsọfúnni wà ní ọwọ́ òsì, ọwọ́ méjèèjì ò pàdé. Ní 1997, obìnrin kan bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà pẹ̀lú ọgbẹ́ ọ̀bẹ lára, wọ́n fẹ̀sùn kàn án, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà dúró lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Oṣù kejì 2002 ni wọ́n tó mú un. Ní 2007 ni ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú obìnrin mẹ́fà.

Wally Oppal, tó ti jẹ́ adájọ́ rí, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà fún ìjọba British Columbia, ó sì gbé àbájáde jáde ní òpin 2012. Ó ní ojú tí àwọn ọlọ́pàá fi wo àwọn obìnrin náà ló jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ wọn, ó sì dámọ̀ràn pé kí gbogbo agbègbè Vancouver ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo yẹn kò tíì sí. Káńsù kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ràn tirẹ̀. Ohun tí ìlú fi rọ́pò rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo: ní 2013 ọlọ́pàá Vancouver gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé ààbò obìnrin tó ń fi ara ṣòwò ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú mímú un, kí obìnrin tí wọ́n bá lù lè sá tọ ọlọ́pàá wá láìbẹ̀rù pé òun ni wọn yóò tì mọ́lé.

Bọ́ọ̀sì tó pẹ́ kó tó dé

Mo sọ pé a ń bọ̀ lórí ọkọ̀ èrò. Ní àríwá British Columbia, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Highway 16. Láti Prince George dé Prince Rupert, ó lé ní 700 kìlómítà, igbó ni lọ́tùn-ún, igbó ni lósì, àwọn ìlú kékeré àti abúlé First Nations wà láàárín. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ni Ọ̀nà Omijé. Ẹni tí kò ní mọ́tò tó fẹ́ lọ rí dókítà, tó fẹ́ lọ sí ilé ẹjọ́, tó fẹ́ ra oúnjẹ ọmọ, ojú títì ló máa dúró sí, tí yóò na ọwọ́ sí ọkọ̀ tó bá ń kọjá. Àwọn kan wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò dé ibi tí wọ́n ń lọ. RCMP ní ẹgbẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ń wádìí ọ̀ràn obìnrin 18 lójú ọ̀nà yìí àti àwọn títì tó so mọ́ ọn, láti 1969 sí 2006. Àwọn ẹbí ní àwọn mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹta 2006, àwọn ẹbí, àwọn olóyè First Nations, ọlọ́pàá àti àwọn aṣojú ìjọba pàdé ní Prince George. Wọ́n jáde pẹ̀lú ìmọ̀ràn 33. Èyí tó wà níwájú nínú wọn ni kí bọ́ọ̀sì máa ná ojú ọ̀nà náà. Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó. Wọn ò ní kí wọ́n ra hẹlikópítà, wọn ò ní kí wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ kọ. Bọ́ọ̀sì ni. Oppal tún sọ ọ́ ní 2012, ó ní ó ti di kánjúkánjú. Síbẹ̀, ó di 2017 kí bọ́ọ̀sì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọdún mọ́kànlá gbáko.

Kí ló fà á? Ní British Columbia, ọwọ́ méjì ló ń gbé bọ́ọ̀sì ìlú: ilé iṣẹ́ BC Transit, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, àti káńsù agbègbè. Káńsù ló ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀sì yóò gbà, iye ìgbà tí yóò lọ, iye owó ọkọ̀, òun náà ló sì ń gbé apá kan nínú ìnáwó. Ètò yìí dára fún ìlú kan ṣoṣo. Ọ̀nà tó gba inú ìlú púpọ̀ kọjá ńkọ́, tí èyí tó tóbi nínú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ní owó, tí abúlé First Nations sì wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀? Kò sí káńsù tó lè dá a gbé, kò sì sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé. Ìgbà tí ìpínlẹ̀ gbà láti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ni àwọn káńsù àti First Nations tó jókòó fohùn ṣọ̀kan. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Greyhound, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì aládàáni tó ń ná àríwá ìpínlẹ̀ náà, kó ẹsẹ̀ kúrò, ìjọba sì ní láti wá ọkọ̀ mìíràn dí àyè rẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ fóònù: nígbà náà, ojú ọ̀nà náà ní ibi tó lé ní 250 kìlómítà tí fóònù ò ti lè mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 2021 sì ni ìjọba tó kéde owó òpó tí yóò dí i.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bọ́ọ̀sì ti parí ọ̀rọ̀. Kì í lọ lójoojúmọ́ ní gbogbo apá ọ̀nà náà, ọjọ́ tí dókítà bá ní kí ènìyàn wá lè má bá ọjọ́ bọ́ọ̀sì mu. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí pé kí ni káńsù kékeré tí kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀ lè ṣe nípa ìwà ipá, èyí ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Winnipeg

Tina Fontaine jẹ́ ọmọ ọdún 15, ọmọ Sagkeeng First Nation. Ní oṣù kẹjọ 2014 ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde nínú odò Red River. Ohun tó mú orílẹ̀-èdè náà gbọ̀n ni iye ọwọ́ ìjọba tó kàn án ṣáájú. Ó wà lábẹ́ ìtọ́jú ẹ̀ka tó ń bójú tó ọmọ, ti ìpínlẹ̀ nìyẹn, hótẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi í sí. Wọ́n ti kéde pé ó sọnù. Síbẹ̀ ọlọ́pàá ìlú dá ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ dúró, wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ wá gbà á, ó di alẹ́, ó tún jáde lọ. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn ikú rẹ̀ kàn, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní 2018. Ìpínlẹ̀ Manitoba dáwọ́ fífi ọmọ sí hótẹ́ẹ̀lì dúró ní 2015.

Káńsù kò ní àṣẹ lórí ìtọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n òun ló ni àwọn ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ yẹn dúró, òun ló sì yẹ kó bi ara rẹ̀ pé ibo ni ọmọ ọdún 15 lè wọ̀ sí ní aago méjì òru nílùú yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló kọ́kọ́ jí gìrì. Bear Clan Patrol, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri àdúgbò North End lóru, tún dìde ní 2015. Àwọn obìnrin kan dá ẹgbẹ́ Ikwe sílẹ̀, tí obìnrin ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé obìnrin, nítorí ohun tí àwọn kan ń fojú rí lọ́wọ́ awakọ̀ takisí. Ní 2021 ni ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kan, Ka Ni Kanichihk, ṣí Velma's House, ilé tí obìnrin lè wọ̀ nígbàkigbà, tọ̀sán-tòru, láìsí ẹni tó máa bi í pé kí ló dé.

Níbi ọ̀rọ̀ takisí yìí, káńsù Winnipeg kò ní àwíjàre kankan. Títí di 2018, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso takisí. Lọ́dún yẹn ni àṣẹ náà bọ́ sí ọwọ́ káńsù pátápátá: ìwé àṣẹ, ẹ̀kọ́ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́, ibi tí a ti lè fẹjọ́ sùn, ìyà ẹni tó bá ṣẹ̀. Tí obìnrin kan bá ní awakọ̀ yọ òun lẹ́nu lónìí, ẹnikẹ́ni nínú káńsù ò lè nawọ́ sí Ottawa.

Ààtàn

Ọ̀ràn tó fi gbogbo ìdààmú yìí hàn kedere jù lọ dá lórí ààtàn méjì. Ní 2022, wọ́n rí òkú Rebecca Contois ní Winnipeg, apá kan nínú rẹ̀ sì wà ní ààtàn Brady Road, èyí tó jẹ́ ti káńsù fúnra rẹ̀. Ọlọ́pàá tú ààtàn náà títí wọ́n fi rí i. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, wọ́n fẹ̀sùn kan Jeremy Skibicki pé ó pa obìnrin mẹ́ta mìíràn: Morgan Harris, Marcedes Myran, àti obìnrin kan tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, tí àwọn àgbà sọ ní Mashkode Bizhiki'ikwe, Obìnrin Ẹfọ̀n. Ọlọ́pàá ní àwọn gbà pé òkú Harris àti Myran wà ní ààtàn Prairie Green, lẹ́yìn ìlú níhà àríwá, ṣùgbọ́n àwọn ò ní wá a. Ó ti pẹ́ jù, wọ́n ní, ìdọ̀tí ti pọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Prairie Green jẹ́ ti ilé iṣẹ́ aládàáni, agbègbè Rosser ló wà, kì í ṣe Winnipeg. Ọlọ́pàá tó ń wádìí jẹ́ ti káńsù Winnipeg. Ìpínlẹ̀ ló ń fún ààtàn ní àṣẹ, ìjọba àpapọ̀ ló ní owó. Ìwádìí kan ní wíwá a lè ná wọn tó mílíọ̀nù 184 dọ́là, ó sì lè gba ọdún mẹ́ta. Ní oṣù keje 2023, olórí ìjọba Manitoba nígbà náà, Heather Stefanson, ní òun ò ní ṣe é, pé ó léwu fún òṣìṣẹ́ nítorí asbestos àti èéfín olóró. Inú bí àwọn ọmọ ìbílẹ̀, wọ́n dí ọ̀nà Brady Road. Káńsù Winnipeg lọ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n ṣí i. Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ tèmi níbí: káńsù tó ní òun ò ní agbára láti wá òkú yìí rí agbára gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìdìbò. Ẹgbẹ́ òṣèlú Stefanson gbé pátákó sí ojú títì, wọ́n fi yangàn pé àwọn dúró gbọn-in, àwọn ò ní wá a. Wọ́n fìdí rẹmi ní oṣù kẹwàá 2023. Wab Kinew wọlé, òun sì ni ọmọ First Nations àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn ṣe olórí ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà. Ní oṣù kẹta 2024, ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ gbé mílíọ̀nù ogún dọ́là kalẹ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù keje, ilé ẹjọ́ dá Skibicki lẹ́bi ikú obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oṣù kejìlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdọ̀tí náà. Ní oṣù kejì 2025, kí iṣẹ́ náà tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n rí òkú níbẹ̀, oṣù kẹta sì ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Morgan Harris àti Marcedes Myran ni. Nínú oṣù kẹta yẹn kan náà ni wọ́n mọ Obìnrin Ẹfọ̀n: Ashlee Shingoose ni, ọmọ St. Theresa Point. Ibi tí wọ́n gbà pé òkú rẹ̀ wà ni Brady Road. Ààtàn káńsù.

Ibi tí ọwọ́ káńsù mọ

Ó ní ohun tí káńsù ò lè ṣe, kò sì yẹ kí a parọ́ mọ́ ọn. Kò lè yí òfin ìwà ọ̀daràn padà, kò lè fọwọ́ kan òfin tó dè àwọn First Nations, kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọ. Owó orí ilé ló fi ń gbé púpọ̀ nínú ìnáwó rẹ̀, ìyẹn kò sì tó kọ́ gbogbo ilé tí obìnrin tó ń sá fún ọkọ oníjà nílò. Ìkìlọ̀ Aṣọ Pupa, tí yóò máa dún lórí fóònù gbogbo ènìyàn nígbà tí ọmọ ìbílẹ̀ kan bá sọnù bí ti ọmọdé tí wọ́n jí gbé, kì í ṣe ti káńsù. Ìjọba àpapọ̀ ló ya owó sọ́tọ̀ fún un ní 2024, Manitoba sì ni wọ́n fẹ́ ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ibi tí ọwọ́ káńsù ti gùn jù ni orí ọlọ́pàá, ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ò sì fi bẹ́ẹ̀ wò. Ìlú tó bá ní ọlọ́pàá tirẹ̀ máa ń ní ìgbìmọ̀ kan lórí wọn, àwọn tí káńsù àti ìpínlẹ̀ yàn síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń gba ọ̀gá ọlọ́pàá síṣẹ́, òun ló ń béèrè ìṣirò. Ní Thunder Bay, Murray Sinclair, ọmọ ìbílẹ̀ tó ti jẹ́ adájọ́ rí, wádìí ìgbìmọ̀ tiwọn lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti ń kú ní ìlú náà tí ọlọ́pàá ò wádìí dáadáa. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní òpin 2018, ó ní ìgbìmọ̀ náà kùnà, pé wọ́n rí ẹ̀rí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n dijú sí i. Àjọ ìpínlẹ̀ Ontario tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá gba agbára ìdìbò lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi alábòójútó kan síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìpàdé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá káńsù rẹ̀ ń ṣe nǹkan kan, kí ó lọ jókòó síbẹ̀, kí ó béèrè iye ọ̀ràn obìnrin tó sọnù tó ṣì wà nílẹ̀, ta ló ń mójú tó o, ìgbà wo ni wọ́n sì bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí ó tún béèrè pé iye wo ló wà nínú ètò ìṣúná ọdún yìí fún ilé ààbò tó ń ṣí lóru. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé káńsù máa ń ka gbólóhùn kan níbẹ̀rẹ̀ ìpàdé pé ilẹ̀ àwọn baba ńlá ọmọ ìbílẹ̀ ni ìlú wà, a jẹ́ pé kò tíì dáhùn.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀, tí ó sì kan gbogbo ẹni tó ń gbé Kánádà, onílé àti àlejò. Kò sí òfin kankan tó ní kí a dúró fún wákàtí 24 kí a tó fi tó ọlọ́pàá létí pé ènìyàn sọnù. Orí tẹlifíṣọ̀n ni ìyẹn ti wá. Wákàtí àkọ́kọ́ ni kí ẹ pè, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ìwé ẹjọ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Fún àwọn ẹbí ọmọ ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, ìlà fóònù tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn káàkiri Kánádà, tó ń ṣí tọ̀sán-tòru, ni 1-844-413-6649.